Bí a ṣe lè dín kábọ́ọ̀nù ilé ọ́fíìsì kù láti orí àwòrán

Kí bíríkìlà tó da kọnkéré àkọ́kọ́ sínú ìpìlẹ̀ ilé ọ́fíìsì, àwọn tó yàwòrán ilé náà ti pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù tí ilé náà yóò tú sínú afẹ́fẹ́ títí di ọjọ́ tí a ó wó o. Ẹni tó ní kí òpó jìnnà síra, ẹni tó fi gíláàsì bo ara ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹni tó ní kí a gbẹ́ àjà méjì sínú ilẹ̀ fún ọkọ̀, gbogbo wọn ti ṣe ìpinnu tí ẹni tí yóò máa bójú tó ilé náà lọ́la kò ní lè yí padà, bó ti wù kí ó máa pa iná àti ẹ̀rọ tó. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ayàwòrán ilé, fún ẹnjiníà, àti fún ẹni tó ń fowó kọ́lé, nítorí àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Nígbàkígbà tí mo bá pe kábọ́ọ̀nù níhìn-ín, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì àti àwọn afẹ́fẹ́ mìíràn tí ń mú ayé gbóná bíi tirẹ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń kà á

Ọ̀nà méjì ni ilé ọ́fíìsì ń gbà tú kábọ́ọ̀nù jáde. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wá láti ara ohun ìkọ́lé: èyí tó jáde níbi tí wọ́n ti sun òkúta ẹfun di sìmẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti yọ́ irin, nínú ọkọ̀ tó kó ẹrù, àti nínú ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ níbi ìkọ́lé, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ó máa tún ṣe tí a ó sì máa pààrọ̀ títí a ó fi wó ilé náà. Èkejì ni kábọ́ọ̀nù ìlò, èyí tí iná, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ amúlégbóná, lífítì àti omi gbígbóná ń fà lójoojúmọ́. Bí a bá pa kíkọ́ ilé àti lílo ilé pọ̀, àwọn ló ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì tí lílo iná àti epo àti iṣẹ́ àwọn ilé-ẹ̀rọ ń tú jáde ní gbogbo àgbáyé.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín méjèèjì. Kábọ́ọ̀nù ìlò lè máa dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí pé oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi ni a fi ń mú iná mànàmáná wá ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí, ó sì ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ ẹ̀rọ tí kò dára. Bí ẹyin ni ti ohun ìkọ́lé rí: bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ohun tó jáde lọ́dún tí a kọ́ ilé yóò wà lókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọdún tó sì sún mọ́ wa yìí gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù pé kí a dín in kù. Èrò mi ni pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti fi ojú kékeré wo apá yìí pẹ́ jù, nítorí pé owó iná ni oníle máa ń rí lóṣooṣù, kì í rí kábọ́ọ̀nù tó wà nínú òpó.

Fún ìṣirò, ìlànà EN 15978 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù pín ìgbésí ayé ilé sí ìpele tí ó fi lẹ́tà pè: A ni ṣíṣe ohun èlò àti kíkọ́ ilé, B ni lílò àti àtúnṣe, C ni wíwó àti kíkó àwókù, D sì ni àǹfààní tí àtúnlò ohun èlò lè mú wá lẹ́yìn náà. Ẹ ṣírò fún ọdún 60, kí ẹ pín àpapọ̀ rẹ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè fi àwòrán kan wé òmíràn. Iye tí ẹ ó lò wà nínú ìwé ìjẹ́rìí tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà ń gbé jáde lábẹ́ ìlànà ISO 14025, èyí tó máa ń sọ kábọ́ọ̀nù tó wà nídìí tọ́ọ̀nù kan tàbí mítà kan ọjà náà. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí àwòrán bá pé. Ìṣirò àfojúdá tí ẹ ṣe nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ìlà bíi mélòó kan lórí ìwé wúlò ju ìṣirò tó péye tí ẹ ṣe nígbà tí kò sí ohun tí ẹ lè yí padà mọ́.

Ṣé dandan ni ilé tuntun?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣòro jù láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti múra àtikọ́lé, òun náà ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ní Sydney ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n sọ ilé gogoro kan tí wọ́n kọ́ ní 1976 di Quay Quarter Tower, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2022. Dípò kí wọ́n wó o pátápátá, wọ́n dá nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òpó, bíìmù àti dẹ́kìn àtijọ́ sí, wọ́n sì dá nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àárín ilé náà sí, níbi tí lífítì àti àtẹ̀gùn wà, kí wọ́n tó kọ́ apá tuntun mọ́ ọn lára. Bí ilé gogoro tó ga tó bẹ́ẹ̀ bá ṣeé dá sí, ẹni tó fẹ́ wó ilé àjà mẹ́fà ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, ẹ wá àwòrán ilé àtijọ́ náà rí, kí ẹ gé kọnkéré rẹ̀ díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí ẹ sì ṣírò ẹrù tí ó lè gbé. Bí wọ́n bá ní àjà rẹ̀ kò ga tó, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ó rí bí ẹ bá yọ àjà àfibò tí wọ́n so sábẹ́ dẹ́kìn kúrò, tí ẹ sì jẹ́ kí páìpù àti wáyà hàn síta. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá sí ọ́fíìsì ní ti gidi, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ibi tí ìjókòó bá ṣófo ní ìdajì ọ̀sẹ̀, ilé tó kéré ju èyí tí wọ́n béèrè lọ yóò tó wọn, kò sì sí ohun èlò tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré tó ti mítà tí a kò kọ́ rárá.

Egungun ilé

Bí kíkọ́ bá wá di dandan, ibi tí ó yẹ kí ẹ ti lo àkókò yín jù nìyí, nítorí ìpìlẹ̀, òpó, bíìmù àti dẹ́kìn ni wọ́n sábà máa ń kó apá tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù ohun ìkọ́lé. Ẹ jẹ́ kí a lóye ohun tó fà á. Wọ́n máa ń sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó di sìmẹ́ǹtì, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú kábọ́ọ̀nù jáde bí ó ti ń jóná, yàtọ̀ sí ti iná tí a fi sun ún. Ti inú òkúta yìí tó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé bí a tilẹ̀ rí iná tí kò ní èéfín rárá, ìṣòro náà kò ní tán. Sìmẹ́ǹtì nìkan ṣoṣo ló ń fa nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde lọ́dọọdún.

Dẹ́kìn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, nítorí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní àjà kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn tó ń háyà ọ́fíìsì fẹ́ràn gbàgede tí kò ní òpó, ṣùgbọ́n bí àlàfo láàárín òpó méjì bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tẹ bíìmù lábẹ́ ẹrù kan náà lórí mítà kọ̀ọ̀kan yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Irin àti kọnkéré tí ẹ ó fi kojú agbára yẹn kò ní kéré. Ẹ fi àwòrán tí òpó rẹ̀ wà ní mítà 7 tàbí 8 síra wọn hàn oníle lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òpó rẹ̀ wà ní mítà 12, kí ẹ kọ kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún ya tábìlì àti àga sínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníle yóò rí i pé òpó náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹrù tí a ní kí dẹ́kìn gbé ni ó tẹ̀ lé e. Ìlànà ìkọ́lé ti Yúróòpù béèrè kílònútọ̀nù 2 sí 3 (ẹrù tó tó nǹkan bíi kílò 200 sí 300) lórí mítà onígun mẹ́rin kan fún ọ́fíìsì, síbẹ̀ ó wọ́pọ̀ kí àwọn oníle béèrè 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ó dùn-ún polówó. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ yàrá ìwé kan ni ó wúwo, ẹ fún igun kan ní agbára náà, kí ẹ fi ìyókù sí ibi tí òfin fi í sí. Dẹ́kìn tí a ṣe ní ìlà-ìlà, tàbí èyí tí a dá ihò sí níkùn, lè gbé ẹrù kan náà pẹ̀lú kọnkéré tó kéré sí ti dẹ́kìn tí ó dì pọ̀ látòkè délẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pákó àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba sùúrù. Àjà abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì ń bá omi àti iyẹ̀pẹ̀ jà. Ẹ yẹra fún un bí ó bá ti lè ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dín ìwọ̀n kọnkéré kù ni kí ẹ tó dojú kọ ohun tí a pò sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ iye sìmẹ́ǹtì sínú ìwé àdéhùn. Ẹ kọ agbára tí ẹ ń fẹ́ àti ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń po kọnkéré wá ọ̀nà. Ìpìlẹ̀ tí kò ní gbé ẹrù rẹ̀ ní kíkún fún oṣù púpọ̀ kò ní ìdí láti ní gbogbo agbára rẹ̀ ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí a dà á. Bí ẹ bá gbà kí ó di ọjọ́ 56, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ yóò dín kù. Ìdàrọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, àti eérú èédú, lè rọ́pò apá kan sìmẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a sọ òtítọ́ níbí: ìwọ̀nba ni wọ́n, èyí tó pọ̀ nínú ìdàrọ́ tó wúlò ni àwọn ẹlòmíràn sì ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rà á kúrò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kábọ́ọ̀nù ilé yín dín kù lórí ìwé, ti ayé sì wà bákan náà. Amọ̀ ni ìrètí mi wà lára rẹ̀ jù. Bí wọ́n bá sun amọ̀ tó yẹ ní ìwọ̀n 700 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ òkúta ẹfun tí a kò sun, ó lè gba ipò nǹkan bí ìdajì nínú ohun tí a ń sun fún sìmẹ́ǹtì, kábọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì náà sì lè dín kù tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú amọ̀ yìí sì wà káàkiri àgbáyé.

Irin tuntun tí wọ́n fi èédú yọ́ láti inú òkúta irin ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì jáde fún tọ́ọ̀nù irin kan. Èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná yọ́ láti ara irin àlòkù kéré sí i gan-an, síbẹ̀ irin àlòkù náà ní òdiwọ̀n, bí ìdàrọ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ rí bíìmù irin láti ilé tí wọ́n ń tú, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì lò ó bí ó ṣe wà láì yọ́ ọ rárá. Ẹ wá a kí ẹ tó parí àwòrán, nítorí ìwọ̀n tí ẹ bá rí ni àwòrán yóò tẹ̀ lé.

Ní ti igi, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ ni èròjà kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ tí igi náà fà mu láti inú afẹ́fẹ́, kílò kan èròjà yìí sì dúró fún kílò 3.67 kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì. Ilé onígi lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí igi mìíràn bá hù rọ́pò nínú igbó tí a ti gé e, tí wọn kò sì sun pákó náà lẹ́yìn tí wọ́n bá wó ilé. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí igi tọ́jú sí ìlà tirẹ̀, kí ẹ má ṣe fi bo kọnkéré àti irin mọ́lẹ̀ nínú ìṣirò.

Ara ilé, oòrùn àti afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí ojú ilé tó gùn kọ sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú kọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ọ̀sán ga lókè, ìbòòji kékeré lórí fèrèsé lè dá a dúró. Ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé tààrà lábẹ́ irú ìbòòji bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ohun tó ń dá oòrùn dúró sí ìta gíláàsì, nítorí bí kọ́tìnì inú ilé bá ti dá a dúró, ooru náà ti wọlé ná.

Gíláàsì ni mo rí i pé a ń ṣìlò jù. Lórí òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ooru ṣe ń kọjá, gíláàsì ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bíi 5.7, alápá méjì jẹ́ nǹkan bíi 2.8, ògiri tí a fi ohun tó ń dènà ooru sí nínú dáadáa kò sì ju 0.2 tàbí 0.3 lọ. Èyí fi hàn pé gíláàsì alápá méjì náà ń jẹ́ kí ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti ògiri rere. Apá gíláàsì tó wà nísàlẹ̀ tábìlì kì í fi ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ gbé fèrèsé sókè, kí orí rẹ̀ sún mọ́ àjà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wọ inú yàrá tó nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga tí orí fèrèsé fi ga sí ilẹ̀. Bí ilé bá fẹ̀ tó mítà 14 tàbí 15 láti ògiri kan dé ìkejì, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè ti ìhà méjèèjì wọlé. Bí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó jókòó ní àárín yóò máa tan iná lọ́sàn-án gangan.

Eastgate Centre ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, tí wọ́n ṣí ní 1996, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí ayàwòrán kọ̀ọ̀kan wò. Mick Pearce tó yàwòrán rẹ̀ jẹ́ kí fáànù máa fa afẹ́fẹ́ tútù òru gba inú kọnkéré ilé náà, kí kọnkéré náà lè gba ooru ọ̀sán ọjọ́ kejì mọ́ra, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń bá àwọn ihò gíga jáde lórí òrùlé. Ọ̀nà yìí nílò ibi tí òru ti tutù ju ọ̀sán lọ dáadáa. Níbi tí òru àti ọ̀sán bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná bákan náà, ẹ gbára lé ìbòòji, fáànù àjà, àti òrùlé tó ń dá oòrùn padà; níbi tí òtútù bá ti ń mú, ògiri tó nípọn àti ilé tí afẹ́fẹ́ kì í jò lára rẹ̀ ni kí ẹ náwó lé.

Ẹ rántí pé ara ilé pàápàá ní kábọ́ọ̀nù tirẹ̀. Agbára tí a ó fi yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti tuntun, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí ọjà náà ti wá.

Ẹ̀rọ

Ìgbà tí ara ilé bá ti ṣe ipa tirẹ̀ ni kí ẹ tó yan ẹ̀rọ, kí ẹ sì yan èyí tó mọ níwọ̀n. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ sábà máa ń rò pé gbogbo kọ̀ǹpútà ń jẹ iná tí wọ́n kọ sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún fi kún un nítorí ìbẹ̀rù, ẹ̀rọ náà á wá tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ayé. Àṣìṣe kékeré kọ́ ni èyí. Iná tí fáànù ń jẹ máa ń tẹ̀ lé eré rẹ̀ tí a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta (eré × eré × eré), ìyẹn ni pé bí a bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iná tó ń jẹ yóò sún mọ́ ìdajì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ fẹ̀, kí ó tọ́, kí ìgbúnwọ́ rẹ̀ má pọ̀, kí ẹ sì lo mọ́tò tó lè dín eré kù fúnra rẹ̀.

Ibi tí ooru bá ti pọn dandan, ẹ má ṣe jó gáàsì tàbí epo nínú ilé. Ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé lè fún yín ní ooru ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iná tó jẹ, ó sì ń mọ́ sí i bí iná mànàmáná bá ṣe ń mọ́ sí i. Kẹ́míkà tó ń yí nínú ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé. Kílò kan R-410A, ọ̀kan nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, tó jò dànù ń mú ayé gbóná tó kílò 2,088 kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti R-32 jẹ́ 675, ti propane kò sì tó 10, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gbiná, tí ó sì ń béèrè ìṣọ́ra nípa ibi tí a gbé e sí. Ẹ kọ orúkọ kẹ́míkà náà sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà yóò wá lẹ́yìn gbogbo èyí. Òrùlé ilé gogoro kéré púpọ̀ sí iná tí àwọn àjà abẹ́ rẹ̀ ń jẹ, ó sì lè tó ilé kúkúrú tí a ti dín ìlò rẹ̀ kù.

Ohun tí a ó máa pààrọ̀

Egungun ilé lè lo ọdún 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ lè lo 20, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì, ògiri yàrá àti àjà àfibò sábà máa ń kúrò ní gbogbo ìgbà tí ayálégbé bá yí padà. Láàárín ọdún 60, kábọ́ọ̀nù wọn á kó jọ ju bí ojú ti rò lọ. Ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì sí yàrá tí kò tíì ní ayálégbé, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lè ká a dànù lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi bóòtù so irin pọ̀ níbi tí ẹ lè ṣe é dípò kí ẹ jó o pọ̀, ẹ má ṣe ri páìpù sínú kọnkéré, kí ẹ sì ṣe fèrèsé lọ́nà tí a fi lè yọ gíláàsì kan láì tú gbogbo ògiri, nítorí gíláàsì alápá méjì kì í pẹ́ tó ilé tó wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ilé bá ṣí

Ilé tó dára lórí ìwé lè jẹ iná ju bí a ti ṣírò lọ fíìfíì, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tún ẹ̀rọ tò lẹ́yìn tí wọ́n so ó tán. Ọsirélíà ti ń wá ojútùú sí èyí láti 1998 pẹ̀lú ètò tí à ń pè ní NABERS lónìí, èyí tó ń fún ilé ọ́fíìsì ní ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bí iná tó jẹ ní ti gidi láàárín oṣù 12, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlérí ayàwòrán. Ẹ kọ irú àfojúsùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì fi mítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí iná, sí ẹ̀rọ amúlétutù, sí lífítì àti sí àjà kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí ẹ ti ń yàwòrán, nítorí àtifi mítà sí ilé tó ti pé ṣòro, ó sì wọ́n. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ tò ní ìgbà ooru kan àti ìgbà òtútù kan, tàbí ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọdún kejì bá pé, ẹ padà lọ ka gbogbo mítà náà, kí ẹ kọ iye tí ẹ rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò tí ẹ ṣe lórí ìwé, kí ẹ sì gbé méjèèjì fún àwọn tí yóò yàwòrán ilé tó kàn.